Jon Stewart, Colbert, Oliver àti Maher: Ta ni kí ẹ sanwó láti máa wò?

Atọ́kùn ètò mẹ́rin ni àwọn tí ó fẹ́ràn àwàdà ìṣèlú ní Amẹ́ríkà sábà máa ń fi wé ara wọn: Jon Stewart, Stephen Colbert, John Oliver àti Bill Maher. Gbogbo wọn ni ó ń fi àwọn olóṣèlú ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi ẹ̀rín náà ṣe yàtọ̀ síra, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ máa san owó oṣooṣù ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá kìkì ẹni tí ó pani lẹ́rìn-ín jù lè san owó fún oṣù mẹ́ta kí ó tó mọ̀ pé ètò tí òun ń rà kọ́ ni òun ń fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé Stewart àti Oliver sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, nítorí pé ọ̀dọ̀ Stewart ni Oliver ti kọ́ iṣẹ́. Láti 2006 ni Oliver ti wà lára àwọn tí ń jábọ̀ ìròyìn ẹ̀fẹ̀ nínú The Daily Show, ètò tí Stewart ń tọ́kùn rẹ̀ nígbà náà, òun ni ó sì di àga Stewart mú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní 2013, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ Last Week Tonight lórí HBO, ìkànnì tẹlifíṣọ̀n tí a ń sanwó fún, ní oṣù Kẹrin 2014. Síbẹ̀, ìṣesí wọn kò jọra. Fọ́nrán àti ojú ni ohun ìjà Stewart. Yóò jẹ́ kí olóṣèlú kan sọ̀rọ̀ tán, yóò gbé fọ́nrán mìíràn sí i níbi tí ẹni kan náà ti sọ òdìkejì rẹ̀ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, lẹ́yìn náà ni yóò dákẹ́, tí yóò tẹjú mọ́ kámẹ́rà bí ẹni tí ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Bí ó bá sì di ọ̀rọ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, n kò rí ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ po àlejò nífun tó o nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìbínú rẹ̀ kì í fara pa mọ́. Ní oṣù Kejìlá 2010, ó pe mẹ́rin lára àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n sáré dóòlà ẹ̀mí nígbà ìkọlù ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án 2001 ní Amẹ́ríkà, tí àìsàn sì ti mú wọn láti ìgbà náà, láti wá jókòó sórí ètò rẹ̀ kí wọ́n sọ ohun tí ojú wọn ń rí. Ẹ̀rín kò pọ̀ níbẹ̀, n kò sì gbàgbé rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni Ilé Aṣòfin fọwọ́ sí òfin ìtọ́jú wọn.

Oliver kì í sábà ní àlejò. Ọ̀ràn kan ṣoṣo ni ó máa ń mú, tí yóò sì tú u palẹ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú: owó ìdúró fún ẹlẹ́wọ̀n, ìbálò àwọn ilé-iṣẹ́ agbowó-gbèsè, àwọn nǹkan tí ìwé ìròyìn kì í fi sí ojú ewé àkọ́kọ́. HBO kì í fi ìpolówó ọjà dá ètò dúró, èyí sì ń jẹ́ kí ó lè bá ilé-iṣẹ́ ńlá wí láìwojú. Bí ó bá tú ọ̀ràn náà tán, ó máa ń ṣe nǹkan nípa rẹ̀. Ní 2014 ó rọ àwọn òǹwòran pé kí wọ́n kọ̀wé sí FCC, àjọ ìjọba tí ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà, kí àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì má baà máa ṣe ojúsàájú láàárín àwọn tí ń lo ọ̀nà wọn, àwọn ènìyàn sì kọ̀wé lọ́pọ̀ yanturu. Ní 2016, ó dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀, ó fi nǹkan bí 60,000 dọ́là ra gbèsè owó ìwòsàn tí ó tó bíi mílíọ̀nù 15 dọ́là, ó sì fi jin nǹkan bí 9,000 ènìyàn tí wọ́n jẹ ẹ́. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé gbogbo gbólóhùn pàtàkì ni ó gbọ́dọ̀ fi àfiwé yẹ̀yẹ́ kan tì lẹ́yìn. Bí ènìyàn bá wo ètò mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, àfiwé náà a máa súni.

Ní ti Colbert, ẹ ní láti mọ èyí tí ẹ ń rà, nítorí pé méjì ni ó jẹ́. Láti 2005 sí 2014, nínú The Colbert Report, ó gbé ẹ̀wù asọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ onígbéraga kan wọ̀, kò sì bọ́ ọ sílẹ̀, àní nígbà tí ó dìde sọ̀rọ̀ ní iwájú Ààrẹ George W. Bush ní oṣù Kẹrin 2006. Ní 2011 ó dá ẹgbẹ́ akówójọ ìbò sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kí gbogbo ènìyàn lè fojú rí bí òfin ṣe gbà kí owó máa ṣàn wọ inú ìṣèlú. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ju èyí tí mo rí nínú ìròyìn lásán lọ. Colbert ti The Late Show, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, jẹ́ èèyàn pẹ̀lẹ́ tí ń dúró sọ àwàdà ọjọ́ náà, tí ó sì ń gba àwọn òṣèré lálejò pẹ̀lú ẹgbẹ́ olórin. CBS, ìkànnì tí ètò náà wà fún, kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fi ẹ́ríà tẹlifíṣọ̀n gbà á, ṣùgbọ́n ní oṣù Keje 2025 ni ìkànnì náà kéde pé ètò yìí yóò parí ní oṣù Karùn-ún 2026.

Maher jìnnà sí àwọn yòókù. Real Time, tí ó ti wà lórí HBO láti 2003, jẹ́ wákàtí kan ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó sì máa ń kó àwọn tí èrò wọn kò dọ́gba jọ sí ìdí tábìlì kan. Àríyànjiyàn ni ọjà rẹ̀, kì í ṣe ìwádìí. Ó máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ àlejò lẹ́nu, ó sì máa ń bá àwọn tí wọ́n jọ wà ní ìhà kan náà jà. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni ẹ ó ti gbọ́ ohun tí ẹ kò fẹ́ gbọ́.

Owó HBO kan náà ni ó ṣí ilẹ̀kùn Oliver àti Maher. Oliver ni mo yàn láàyò, àmọ́ apá tí ó gùn jù nínú ètò rẹ̀ sábà máa ń wà lórí YouTube lọ́fẹ̀ẹ́, kì í sì í tètè gbó. Maher ni owó ń ṣiṣẹ́ fún jù, nítorí pé ìjíròrò rẹ̀ kò dùn ní àbọ̀, ó sì yẹ kí a wò ó ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an. Stewart padà sí The Daily Show ní oṣù Kejì 2024, àmọ́ alẹ́ ọjọ́ Ajé nìkan ni ó fi ń tọ́kùn rẹ̀; bí ó bá jẹ́ òun ni ẹ ń wá, ẹ má ṣe retí rẹ̀ ní àwọn alẹ́ tí ó kù nínú ọ̀sẹ̀.