Àpò ìyàwòrán tí mo gbé lọ sí Àgbádárìgì: àgbéyẹ̀wò mi

Obìnrin tó bá dá jókòó sétí ọ̀sà ní Àgbádárìgì láìmú nǹkan kan lọ́wọ́, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi bi í pé ta ló ń dúró dè. Ẹni tó bá ń yàwòrán, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fi fẹ́ràn àpò ìyàwòrán kékeré tí mo rà ní ₦24,000 nìyẹn. Ìwé kan, ọ̀dà olómi aláwọ̀ 12, búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń rọ omi sínú ìdí rẹ̀, àti kálàmù dúdú kan ló wà nínú rẹ̀.

Bébà rẹ̀ dára gan-an. 300 gsm ni wọ́n kọ sẹ́yìn ìwé náà, ìyẹn ni pé bébà rẹ̀ nípọn, omi kàn án, kò rún. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ọ̀sà kì í jẹ́ kí ọ̀dà tètè gbẹ, ẹ ò sì lè pa ìwé dé lórí ọ̀dà tútù. Ìyẹn gan-an ló mú kí n pẹ́ níwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn míṣọ́nárì CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà, kọ́ parí ní 1845. Àwọn tó bá bọ́ọ̀sì wá ya fọ́tò, wọ́n lọ. Èmi ṣì ń wo bí òjìji òrùlé ṣe ń sún lára ògiri.

Kálàmù inú àpò náà kò dáa rárá. Omi kàn án báyìí, ó yọ́, ó ba odindi ojú ìwé kan jẹ́ fún mi. Bírò lásán táwọn ọmọ fi ń kọ̀wé nílé-ìwé sàn jù ú lọ, torí òróró wà nínú yíǹkì tiẹ̀. Bírò yẹn ni mo fi ya yàrá kan ní ilé Sẹ́ríkì Williams Abass, níbi tí wọ́n máa ń kó àwọn ẹrú pa mọ́ sí láyé òwò ẹrú. Mi ò lè kun ọ̀dà kankan sí ojú ìwé yẹn. Ní ti ọ̀dà inú àpò náà, àwọ̀ ewé rẹ̀ tàn jù, ewé àgbọn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ po pupa díẹ̀ mọ́ ọn.

Ìyá kan tó ń bó àgbọn bi mí pé, "Àǹtí, kí lẹ ń kọ?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà, ọwọ́ yín ni mò ń yà."

Wọ́n gba ìwé náà, wọ́n wò ó dáadáa. Wọ́n ní ìka àárín àwọn kò nà mọ́, kí n yà á bó ṣe rí. Mo tún un yà, ó tẹ̀ bíi ti wọn.

Nílé, "Mọ́mì" ni mò ń jẹ́, "Ìyàwó" ni mò ń jẹ́, mo sì ń dá gbogbo wọn lóhùn tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti bi ara mi pé kí ni ojú tèmi ń fẹ́ wò. Nígbà tí mo ṣí ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ló kún inú rẹ̀, ó pọ̀ ju ilé àti omi lọ. Ẹnikẹ́ni ò rán mi níṣẹ́ yẹn. Inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Kálàmù ló jẹ ìkan tó kù. Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ fẹ́ dá rìnrìn-àjò, ẹ rà á, ẹ mú bírò méjì dání, kẹ́ ẹ sì tètè dé etí ọ̀sà kí oòrùn tó mú.