Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé fúláàtì òkè ní Lọ́ńdọ̀nù, ibo ni páìpù èéfín bọ́ílà yín máa gbà jáde?

Orúkọ bọ́ílà kọ́ ni mo fẹ́ bá yín jiyàn lé lórí. Èyí tó bá wù yín nínú àwọn combi tó gbajúmọ̀ (bọ́ílà tó ń mú ilé àti omi gbóná láìsí táǹkì) ni kí ẹ rà, omi gbígbóná máa jáde. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ fúláàtì káńsù àtijọ́ lẹ rà ní Peckham, Deptford tàbí Woolwich, tí ẹ wà ní àjà kẹta tàbí ìkẹrin, tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ fèrèsé ilé ìdáná yín, páìpù èéfín ló máa sọ iye tí ẹ máa san. Ọ̀nà mẹ́rin ló wà: kó gba ara ògiri jáde, kí wọ́n parí rẹ̀ láti ìta lórí scaffold (irin tí wọ́n ń tò kí òṣìṣẹ́ lè gùn ún), kó gba ara ògiri yẹn náà, àmọ́ kí wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀ láti inú ilé, kó gba òrùlé, tàbí kí ẹ ra bọ́ílà oníná mànàmáná tí kì í rú èéfín rárá.

Scaffold tàbí inú ilé

Inú ilé ni ẹnjiníà máa ń dúró sí lu ògiri, èyí ó wù kí ẹ yàn. Ohun tó kù síta ni rọ́bà tó yí páìpù ká níbi tó ti yọ, èyí tí kì í jẹ́ kí òjò wọnú ògiri. Orí rọ́bà yẹn ni gbogbo ìjà wà.

Tó bá jẹ́ láti ìta ni wọ́n ti máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, àfi kí wọ́n to scaffold. Nínú ọgbà ilé, owó nìkan lẹ máa san. Lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, òfin Highways Act ti 1980 ní àfi kí ìwé àṣẹ káńsù ti jáde kí irin tó fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Owó ìwé lọ́tọ̀, owó àwọn tó ń to irin lọ́tọ̀, ìdúró lọ́tọ̀. Ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ bá mi ṣe tèmi wo fọ́tò lórí fóònù, wọ́n dá iye lé e, ẹnikẹ́ni ò wá wò ó. Nígbà tí ọjọ́ iṣẹ́ pé, wọ́n ti tú bọ́ílà àtijọ́ palẹ̀ tán kí ọmọkùnrin tí wọ́n rán tó yọrí lójú fèrèsé, ló bá wo ìsàlẹ̀, ló bá pe ọ̀gá rẹ̀. Oṣù January ni, ọmọ kékeré sì wà nílé. Omi kẹ́tùlù la fi ń wẹ̀ títí ìwé káńsù fi jáde, owó scaffold sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti bọ́ílà fúnra rẹ̀. Wọ́n ní ó wà nínú ìwé àdéhùn, pé kí n wo lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀.

Fúláàtì tí mo wà báyìí, inú ilé ni wọ́n ti ṣe tirẹ̀. Rọ́bà rẹ̀ rọ̀. Wọ́n tì í mọ́ páìpù gba inú ihò, ó ṣí lápá ìta bí agboòrùn, wọ́n wá fa páìpù padà títí rọ́bà fi lẹ̀ mọ́ ògiri. Páìpù náà ṣeé fà gùn, ó ṣeé tì kúrú, nítorí náà ògiri tó nípọn kì í dà á láàmú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe bọ́ílà ló fàyè gba èyí nínú ìwé ìtọ́ni wọn, àmọ́ ihò rẹ̀ sábà máa ń fẹ̀ ju ti èyí tí wọ́n parí láti ìta lọ. Ẹ ní kí ẹnjiníà ṣí ojú ewé náà hàn yín. Ẹ tún bi í pé kí ló máa fi di bíríkì tí dírílù bá gé mú, kó má baà já lu ẹni tó ń kọjá lọ. Ẹni tó mọṣẹ́ máa ń ní irin tó ń gbá a mú, ó sì máa ń fi èèyàn ṣọ́ ìsàlẹ̀. Páìpù gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ padà sọ́dọ̀ bọ́ílà, nǹkan bí 3 dígírì fún ọ̀pọ̀ wọn, kí omi inú èéfín lè ṣàn wọlé dípò kó máa kán sára fèrèsé aládùúgbò.

Ó ní àléébù ṣá o. Tí etí ihò bá fọ́ lápá ìta, ẹ ò ní rí i, ọwọ́ yín ò sì ní tó o. Orí scaffold ni wọ́n ti lè fi sìmẹ́ǹtì tún un ṣe dáadáa, pàápàá tí ihò ńlá ti bọ́ílà àtijọ́ bá ṣì wà lára ògiri. Tí káńsù bá sì ti to irin yí ilé yín ká nítorí àtúnṣe tiwọn, ẹ tètè tọrọ ààyè.

Àwọn yòókù

Fèrèsé: ẹnu páìpù gbọ́dọ̀ jìnnà tó 300 mm sí fèrèsé tó ń ṣí, tiyín àti ti ará òkè. Láti 2005 ni bọ́ílà tuntun ní England ti di irú tó ń tú ìkùukùu funfun jáde, aládùúgbò sì lè fi í sùn. Páìpù kékeré wà tó ń darí ìkùukùu náà sókè, àmọ́ ara ògiri ìta ni wọ́n sábà ń kàn án mọ́. Ẹni tó bá ní òun á “fi ìyẹn kún un” ti mú ọ̀rọ̀ scaffold padà wá nìyẹn.

Òrùlé: ti àjà tó kẹ́yìn sókè nìkan, òrùlé náà kì í sì í sábà jẹ́ tiyín.

Inú sílìn: tí páìpù bá sá pamọ́ síbẹ̀, láti 2013 ni wọ́n ti ń béèrè ojúhò àyẹ̀wò tó tó 300 mm ní ìbú àti òró, kò sì gbọdọ̀ jìn ju mítà 1.5 lọ sí oríkèé kọ̀ọ̀kan.

Bọ́ílà oníná: kò ní páìpù èéfín, àmọ́ owó yúnìtì iná tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ti gáàsì. Ó dára fún ẹni kan nínú yàrá kan.

Àṣẹ: ògiri ìta sábà máa ń jẹ́ ti onílé, kì í ṣe ti ẹni tó ra fúláàtì. Ẹ gba lẹ́tà kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni má to scaffold. Ògiri tó ti ń jẹrà kò ní ọ̀nà míì. Fún ògiri tó bá le dáadáa, inú ilé ló tọ́. Ẹ wo ẹ̀yìn káàdì Gas Safe (ìwé orúkọ àwọn tó láṣẹ láti ṣiṣẹ́ gáàsì) ẹnjiníà bóyá bọ́ílà wà lára iṣẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí fún un, kí ẹ wá bi í kí ẹ tó fọwọ́ síwèé: “Tí rọ́bà ìta kò bá jókòó dáadáa, ta ló máa san owó scaffold?” Kó kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé. Tó bá ní òun á wò ó tóun bá dé, ẹ pe ẹlòmíràn.