Okùn joystick tó já: ká tún un ṣe ni, àbí ká pààrọ̀ rẹ̀?

Joystick (ọ̀pá tí a fi ń darí géèmù) ti kọ̀ǹpútà àtijọ́ Commodore 64 tàbí ti ẹ̀rọ géèmù Atari kì í tètè kú, okùn rẹ̀ ló máa ń kú. Ọrùn, níbi tí okùn ti wọnú ike, ló sì ti máa ń já, nítorí ibẹ̀ ló ń ká jù. Kí ẹ tó náwó, ẹ gbé e lọ bá àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́, kí wọ́n fi mítà wò ó. Kí ẹnì kan tẹ bọ́tìnì tí a fi ń yìnbọn mọ́lẹ̀; kí wọ́n fi ẹnu mítà kan sí ihò 6 lẹ́nu púlọ́ọ̀gì okùn náà, kí èkejì wà ní ihò 8 (ihò náà kéré, abẹ́rẹ́ ni wọ́n á fi ràn án lọ́wọ́), kí wọ́n wá máa ká okùn náà díẹ̀díẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ká tí mítà bá ń dún tó tún ń dákẹ́, ibẹ̀ ló ti já.

Tó bá jẹ́ ọrùn lápá ike ló já, ẹ má ra nǹkan kan. Kí wọ́n gé ibẹ̀ sọnù, kí wọ́n jó wáyà padà. Okùn á kúrú díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìdí púlọ́ọ̀gì, tàbí tí ara okùn ti gan láti òkè délẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni okùn pad (ohun ìdarí tí à ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú) ti ẹ̀rọ géèmù Sega Mega Drive tó ti bàjẹ́. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, okùn rẹ̀ rọ̀, wáyà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán pé. Òkè, ìsàlẹ̀, òsì àti ọ̀tún wà ní 1 sí 4, ìbọn wà ní 6, wáyà tí gbogbo wọn jọ ń lò sì wà ní 8, bí Commodore ṣe fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́. Okùn nìkan ni mo ní o! Pad Sega fúnra rẹ̀ ń wá iná ní ihò 5, Commodore kò sì gbé iná sí ibẹ̀. 7 ló gbé e sí. Kí ọlọ́jà má sì fi okùn ayédèrú Nintendo lù yín ní jìbìtì. Ẹnu wọn lè jọra, ṣùgbọ́n wáyà márùn-ún péré ni pad rẹ̀ ń lò, mẹ́fà sì ni joystick nílò, ó kéré tán. Ẹ ní kó ṣí ike rẹ̀ lójú yín.

Okùn serial, tí wọ́n fi ń so kọ̀ǹpútà àtijọ́ mọ́ ẹ̀rọ mìíràn, kì í wọ́n lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ sanra, ó sì ní bóòtù lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ihò méjì tó wà lára Commodore 64 sún mọ́ra, orí kan lè gba àyè èkejì. Ti Atari 2600 tiẹ̀ wọnú díẹ̀. Okùn náà tún le, ó máa ń fa joystick kúrò lọ́wọ́ èèyàn. Ẹni tó bá ní wáyà inú rẹ̀ lè dábùú ara wọn kò parọ́, ṣùgbọ́n bí a bá ti gé orí kan sọnù, mítà ló máa sọ èyí tó jẹ́ èwo. Ẹ má gbára lé àwọ̀ wáyà.

Kéébù íńtánẹ́ẹ̀tì, tí àwọn ọmọ LAUTECH ní Under G máa ń fẹ́ lò? Wáyà mẹ́jọ ló ní, ó tó. Èyí tí bàbà inú rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan gbọọrọ kò ní pẹ́ já.

Tuntun láti òkè òkun ló dára jù lójú, pàápàá fún Atari CX40: ẹ kàn máa ti ẹnu wáyà bọ bọ́ọ̀dù ni, kò sí pé à ń jó nǹkan. Owó tí wọ́n á fi gbé e dé Ògbómọ̀ṣọ́ lè ju owó ọjà lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ẹ̀yin mélòó kan jọ dá a. Tí joystick yín bá ní autofire (èyí tó ń yìnbọn léraléra fúnra rẹ̀), ẹ béèrè bóyá wáyà 7 wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni kò ní in.

Gbogbo èyí kò kan kọ̀ǹpútà ZX Spectrum +2 o. Ẹnu rẹ̀ jọ ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n Amstrad tó ṣe é to wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ti Commodore, ẹ pa á kí ẹ tó ki joystick bọ̀ ọ́, ẹ má sì fọwọ́ kan irin ibẹ̀, nítorí inú chip 6526 ló lọ tààrà. Kí wọ́n tó dé ike joystick náà padà, ẹ ní kí wọ́n ta okùn ní kókó nínú rẹ̀, kí ọmọdé tó bá fà á má baà fa lẹ́ẹ̀dì.