Fíìmù amí àti ìwé tí wọ́n ti yọ ọ́: èwo lẹ máa fowó yín rà?

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ra The Bourne Identity tí Robert Ludlum kọ, mo ti wo fíìmù ẹ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹrin, ọkàn mi sì balẹ̀ pé ohun tí mo wò náà ni mo fẹ́ lọ kà. Mo kà á dé bí ojú ìwé 100, n ò rí nǹkan tó jọ ọ́, inú bí mi gan-an, mo ní ìwé míì ni wọ́n tà fún mi. Ìwé gidi ni o. 1980 ló jáde, fíìmù ti Matt Damon jáde ní 2002, àwọn tó ṣe fíìmù náà mú orúkọ, wọ́n mú ọkùnrin tí ò rántí ara ẹ̀, wọ́n sì fi èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù sílẹ̀. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí, owó ìwé ti wọ́n báyìí, owó détà náà ò kéré, kò dáa kéèyàn sanwó nǹkan kan kó wá máa retí nǹkan míì.

Ṣé ẹ rí i, iṣẹ́ amí, ìjókòó àti ìdúró ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Amí á jókòó sínú mọ́tò lóru, á máa wo fèrèsé kan, á máa rò ó lọ́kàn pé nínú gbogbo àwọn tí òun bá jẹun láàárọ̀, ta ló ń parọ́ fún òun. Òǹkọ̀wé lè fi 20 ojú ìwé sọ èrò yẹn, ẹ ò sì ní lè gbé ìwé sílẹ̀, àmọ́ kámẹ́rà ò lè ya ohun tó wà nínú èèyàn, ojú ló lè yà, ìdí nìyẹn tí dírẹ́kítọ̀ fi máa ń wá nǹkan tí ojú lè rí fi dípò ẹ̀: ìjà, mọ́tò tó ń sáré, tàbí kí wọ́n kó ìtàn kúrò nílùú kan lọ sí òmíì tó dùn-ún wò jù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé ṣé inú ọkàn amí lẹ fẹ́ wọ̀ ni àbí ẹ fẹ́ rí ohun tó ń ṣe. N ò ní sọ òpin ìtàn kankan fún yín, ẹ fọkàn balẹ̀.

Bourne

Nínú méjèèjì, àwọn apẹja ló fa ọkùnrin kan yọ nínú òkun Mediterranean, ọta ìbọn wà lára ẹ̀, kò mọ orúkọ ara ẹ̀, nǹkan kékeré kan sì wà lábẹ́ awọ ìbàdí ẹ̀ tó júwe báńkì kan ní Zurich. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pínyà. Nínú ìwé, Carlos, agbésùnmọ̀mí kan, ni ọ̀tá, gbogbo ohun tí Bourne ń ṣe ló so mọ́ ọn. Carlos yìí wà lóòótọ́ láyé, Ilich Ramírez Sánchez lorúkọ ẹ̀, 1994 ni wọ́n mú un ní Sudan tí wọ́n gbé e lọ sí Faransé, ó sì ti wà lẹ́wọ̀n nígbà tí wọ́n ń ṣe fíìmù, mo gbà pé kò lè dẹ́rù bani bíi ti 1980 mọ́. Wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n wá fi àwọn ọ̀gá Bourne fúnra wọn ní CIA, ilé iṣẹ́ amí Amẹ́ríkà, ṣe ọ̀tá. Marie inú ìwé, obìnrin tó ń bá Bourne rìn, ọmọ Kánádà ni, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó ń bá ìjọba ẹ̀ ṣiṣẹ́, ìbọn ni Bourne fi mú un lọ. Marie inú fíìmù, ọmọ Jámánì tí ò lówó lọ́wọ́ ni, dọ́là 10,000 ni Bourne kọ́kọ́ kó lé e lọ́wọ́ kó lè wa òun dé Paris.

Ẹ sì rántí Wombosi, ọ̀gá kan láti Áfíríkà tó ti sá kúrò nílùú ẹ̀ tó wá ń gbé ní Paris, Adewale Akinnuoye-Agbaje ló ṣe é, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London, orí mi máa ń wú tí mo bá ti rí i lójú fíìmù yẹn. Kò sí nínú ìwé rárá.

Lójú tèmi, ẹ kọ́kọ́ wo fíìmù, ẹ wá ka ìwé lẹ́yìn ẹ̀ bí ìtàn míì tó yàtọ̀, inú yín á dùn sí méjèèjì. Ìwé náà nípọn o, ó lé ní 500 ojú ìwé, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ máa kà tán nínú ọkọ̀. Tó bá jẹ́ ìtàn inú ìwé gan-an lẹ fẹ́ wò, ẹ wá èyí tí wọ́n ṣe fún tẹlifíṣọ̀n ní 1988, Richard Chamberlain ló ṣe Bourne níbẹ̀, ó sún mọ́ ìwé ju ti Damon lọ dáadáa. The Bourne Supremacy ńkọ́? Ìwé ẹ̀, Hong Kong àti China ló gbé wa lọ, fíìmù ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Goa, ó lọ sí Berlin, ó dé Moscow. Orúkọ lásán ló so wọ́n pọ̀.

Tinker Tailor Soldier Spy

Èyí ni mo lè jókòó sọ láti àárọ̀ dalẹ́. John le Carré ló kọ ọ́, 1974, ọkùnrin tó ti ṣiṣẹ́ ní MI5 àti MI6, àwọn ilé iṣẹ́ amí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí. Ìtàn ẹ̀ ò le láti sọ: ọ̀dàlẹ̀ kan wà lókè pátápátá nínú ilé iṣẹ́ amí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń tà wọ́n fún Rọ́ṣíà, wọ́n wá lọ pe George Smiley, àgbàlagbà tí wọ́n ti lé kúrò níbi iṣẹ́, pé kó wá bá àwọn wá a láìjẹ́ kẹ́nì kankan gbọ́. BBC fi ṣe síríìsì alápá 7 ní 1979, Alec Guinness ni Smiley, fíìmù wá jáde ní 2011, Gary Oldman ni Smiley, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 7 péré. Ẹ ro iye nǹkan tí wọ́n ní láti gé kó lè bọ́ sínú wákàtí 2.

Ẹ kàn wo bí àwọn méjèèjì ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìwé bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwé àwọn ọmọkùnrin kan lábúlé, òjò ń rọ̀, tíṣà tuntun kan ń wa mọ́tò bọ̀ pẹ̀lú ilé onítáyà tó so mọ́ ọn lẹ́yìn, ọmọ kékeré kan tó ń jẹ́ Bill Roach, tí ò lọ́rẹ̀ẹ́, tí bàbá àti ìyá ẹ̀ ò gbé pọ̀ mọ́, dúró lójú fèrèsé ó ń ṣọ́ ọ. A ò tíì mọ ẹni tí tíṣà yẹn jẹ́, a ò mọ ohun tó ṣe é lẹ́yìn tó fi rọ bẹ́ẹ̀, ọmọ yẹn ń wò, àwa náà ń wò, ẹ ò rí i pé ọmọ yẹn gan-an ni amí àkọ́kọ́ tá a bá pàdé nínú ìwé náà! Fíìmù ò ní àkókò fún ìyẹn. Budapest ló ti bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan náà jókòó sí ilé kọfí, òógùn ń kán lójú ẹni tó ń gbé kọfí wá fún un, kò pẹ́ ìbọn ti dún. Nínú ìwé, Czechoslovakia nìyẹn ti ṣẹlẹ̀, inú igbó lóru, díẹ̀díẹ̀ la sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn, olúkúlùkù ń sọ ìwọ̀n tó bá wù ú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ricki Tarr, ọmọ iṣẹ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ pé ọ̀dàlẹ̀ kan wà. Hong Kong ló ti gbọ́ ọ nínú ìwé, Lisbon ni BBC gbé e lọ, fíìmù 2011 ní Istanbul ni. Peter Guillam, igbákejì Smiley, obìnrin ló ń fẹ́ nínú ìwé, nínú fíìmù ọkùnrin ni wọ́n jọ ń gbé, ó wá di dandan kó lé onítọ̀hún kúrò nílé kí ọ̀tá má baà fi mú un, ìran kúkúrú ni, kò sí nínú ìwé, àmọ́ ó dùn mí dé egungun, torí pé ó sọ ohun tí iṣẹ́ yẹn ń gbà lọ́wọ́ èèyàn láìsọ gbólóhùn kan. Àríyá Kérésì tí gbogbo òṣìṣẹ́ amí ń jó, tí fíìmù ń padà sí lemọ́lemọ́, àwọn tó ṣe fíìmù ló ronú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa le Carré fúnra ẹ̀ wà láàárín àwọn àlejò.

Èyí tí ìwé ní tí fíìmù ò lè ní ni fáìlì. Smiley gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ní London, ó ń ka fáìlì mọ́jú, ó ń rántí, ó ń fi ọjọ́ wéra, kò sáré, kò lu ẹnikẹ́ni, ẹ sì máa ń gbọ́ tí àyà yín ń lù. Torí náà ìwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà níbí, mi ò ní ṣe méjì lórí ẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wo fíìmù á mọ ọ̀dàlẹ̀ náà, ìwé ò sì ní lè tàn án mọ́. Bẹ́ ẹ bá sì mọ̀ pé ẹ ò lè ka ìwé tó ń rìn bí ìgbín, ẹ lọ wá ti BBC, kẹ́ ẹ tó dé orí fíìmù. Ohun kan tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó: ìwé yìí ni àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta, The Honourable Schoolboy ti 1977 ló tẹ̀ lé e, Smiley's People ti 1979 wá parí ẹ̀. BBC ṣe ìkẹta ní 1982, wọ́n fo ìkejì, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ìkejì àfi kó kà á.

The Spy Who Came in from the Cold

Le Carré náà ni, ìwé 1963, fíìmù 1965, Richard Burton ló ṣe amí náà, kò ní àwọ̀, dúdú àti funfun ni. Nínú gbogbo èyí tí mo mọ̀, òun ló jọ ìwé ẹ̀ jù. Ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní láíbúrì, Liz ni nínú ìwé, wọ́n yí i sí Nan nínú fíìmù, ìyókù fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró bó ṣe wà, títí dé ògiri Berlin. Èyí tó bá wọ́n jù nínú méjèèjì ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀, ẹ ò ní pàdánù.

James Bond

Casino Royale ni ìwé àkọ́kọ́ tí Ian Fleming kọ nípa Bond, 1953, kò nípọn. Fíìmù ti Daniel Craig jáde ní 2006, ó sì gbìyànjú láti mú ìtàn yẹn, ìyẹn ò wọ́pọ̀ láàárín fíìmù Bond. Ọ̀tá, Le Chiffre, ti ná owó olówó nínú méjèèjì, ó wá fẹ́ fi tẹ́tẹ́ rí i padà. Nínú ìwé, owó àwọn ará Rọ́ṣíà ló kó sínú iṣẹ́ ilé aṣẹ́wó, nínú fíìmù owó àwọn agbésùnmọ̀mí ló fi ta tẹ́tẹ́ lórí ìdókòwò ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Ìlú kékeré kan létí òkun ní Faransé ni wọ́n ti ta káàdì nínú ìwé, fíìmù gbé e lọ sí Montenegro. Èyí tó wá ṣe pàtàkì ni irú káàdì náà: baccarat ni ti ìwé, poker ni ti fíìmù. Baccarat, orí ẹni ló kù sí, kò sí ọgbọ́n púpọ̀ níbẹ̀, torí náà Bond inú ìwé jókòó bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́, ẹ̀rù ń bà á, a sì ń gbọ́ ẹ̀rù yẹn. Poker, ojú ẹni kejì lèèyàn ń kà, kámẹ́rà sì fẹ́ràn ojú. Ìparí ọ̀rọ̀ Bond àti Vesper, obìnrin tó nífẹ̀ẹ́, ìwé fi sí òtẹ́ẹ̀lì kan tó dákẹ́ rọ́rọ́, pẹ̀lú lẹ́tà, fíìmù fi sí Venice, nínú ilé tó ń rì sómi. Ẹ ra méjèèjì. Ẹ ṣáà wo ọdún dáadáa, torí Casino Royale kan wà tí wọ́n ṣe ní 1967 tó jẹ́ àwàdà, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ ń wá.

Moonraker ńkọ́? Ìwé 1955, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọ̀rọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì kan ni létí òkun ní Kent. Fíìmù 1979, Roger Moore dé Venice, ó dé Rio, ó wá lọ sójú sánmà, ọdún méjì lẹ́yìn tí Star Wars, fíìmù ojú sánmà, kó owó rẹpẹtẹ. Ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ fíìmù yẹn kó má tìtorí ẹ̀ ra ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìwé amí tó mọ́gbọ́n dání, ìwé yẹn dáa gan-an, mo máa ń padà sí i. Ti The Spy Who Loved Me tún le jù: obìnrin ló ń sọ ìtàn fúnra ẹ̀ nínú ìwé 1962 yẹn, ẹ máa ka ìdajì dáadáa kí Bond tó yọjú, Fleming sì ní orúkọ ìwé nìkan làwọn onífíìmù lè lò. Ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn ní 1977.

Àwọn tó kù

James Grady kọ Six Days of the Condor ní 1974, ọdún tó tẹ̀ lé e fíìmù ti di Three Days of the Condor, ọjọ́ mẹ́fà di mẹ́ta, Washington di New York, oògùn olóró di epo rọ̀bì, Malcolm di Turner. Fíìmù dáa ju ìwé lọ níbí, mo sọ ọ́ tọkàntọkàn, ẹ wo Robert Redford ó ti tó.

The Thirty-Nine Steps ti John Buchan, 1915, ìwé pẹlẹbẹ ni. Nínú ìwé, àtẹ̀gùn gidi ni 39 yẹn, àtẹ̀gùn tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí òkun. Hitchcock ṣe fíìmù ẹ̀ ní 1935, ó yí i sí orúkọ ẹgbẹ́ àwọn amí, ó sì fi ọmọbìnrin kan kún un tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so mọ́ akọni ìtàn, ọmọbìnrin yẹn ò sí nínú ìwé rárá.

Tẹ́ ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé, ẹ má jẹ́ kí fọ́tò òṣèré tó wà lẹ́yìn ìwé tàn yín, èèpo ni wọ́n yí padà, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ti tẹ́lẹ̀ náà ni, torí náà tí tòkunbọ̀ tó ní èèpo àtijọ́ bá pọ́ọ́kú ju èyí tó ní fọ́tò lọ, òun ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ ṣí i wò bóyá wọ́n ti gé e kúrú fún àwọn tó ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ ní lẹ́tà kékeré, le Carré tí wọ́n bá ti gé kúrú ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ka ojú ìwé tó gbẹ̀yìn bóyá ó pé, mo ti ra tòkunbọ̀ kan rí tí ojú ìwé 12 ti já lọ níparí. Ti Buchan ní tiẹ̀, ẹ má san kọ́bọ̀: ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti kúrò lórí ẹ̀, ẹ wá a lọ sí Project Gutenberg, láíbúrì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, lórí fóònù yín, ọ̀fẹ́ ló wà níbẹ̀.