Ká gbẹ́ odò, àbí ká kọ́kọ́ ṣírò gbogbo omi Ìbàdàn?

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa ya wọ ìgboro Ìbàdàn, ó sì gba ẹ̀mí tó lé ní 100. Ohun tó máa ń yá wa lára ni kí katapílà gbẹ́ odò, ká sì fi kọnkéré tẹ́ ẹ. Ó dára, ojú ń rí i, ará àdúgbò á sì sinmi díẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tí a lé kúrò níbí, ìsàlẹ̀ ló ń sáré lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, odò Ọ̀nà ló tún ṣọṣẹ́, dáàmù Ẹlẹ́yẹlé sì kún àkúnya.

Ohun kejì tí a lè ṣe ni ká kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kó bá wa ṣírò ibi tí omi á gbà: òjò, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀, òrùlé, afárá, pàǹtírí. Bí a bá fẹ afárá yìí sí i, ta ni omi á lọ bá? Bí ike bá dí ìdajì gọ́tà ńkọ́? Ó ń gba àkókò, kò sì wúlò láìsí ìwọ̀n òjò tó péye. Síbẹ̀, òun ni mo fara mọ́. Àwọn àgbà etí odò ṣì lè fi ibi tí omi dé lára ògiri hàn wá. Ká fi àmì yẹn dán ìṣirò wò kí katapílà tó dé.