Àyẹ̀wò Lp(a) tó owó rẹ̀. Hs-CRP ni kí ẹ rò lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan kò ru, kò ní àtọ̀gbẹ, kì í fa sìgá, LDL rẹ̀ (ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tó ń dí òpó ẹ̀jẹ̀) kò burú, síbẹ̀ àìsàn ọkàn dá a dùbúlẹ̀ kó tó pé àádọ́ta ọdún. Irú ilé tí èyí ti ṣẹlẹ̀ gan-an ni àyẹ̀wò Lp(a) wúlò fún jù. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ni Lp(a), ìyẹn lipoprotein(a), ó jọ LDL, àmọ́ ó ní pùrótéènì mìíràn tó so mọ́ ọn lára. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ inú òpó ẹ̀jẹ̀, ó sì lè mú kí fááfù ọkàn le. Kåre Berg ló ṣàwárí rẹ̀ ní Norway lọ́dún 1963. Àjogúnbá ni, tiwa aláwọ̀ dúdú sì sábà máa ń ga ju ti òyìnbó lọ. Oúnjẹ àti eré ìmárale kì í fi bẹ́ẹ̀ yí i padà, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé ti tó ọ̀pọ̀ èèyàn. (Ẹni tó bá ní àgbo òun ń fọ̀ ọ́ kúrò, ẹ ní kó mú èsì ti ìṣáájú àti ti ìkẹyìn wá.)

Ẹ ò nílò láti gbààwẹ̀ kí ẹ tó lọ. Ibi tí owó ti ń ṣòfò ni orí fọ́ọ̀mù: bí ẹ bá kàn ní “lipid profile” (àyẹ̀wò ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀), cholesterol, HDL, LDL àti triglyceride ni wọ́n máa ṣe, Lp(a) kò sí níbẹ̀. Ẹ dárúkọ rẹ̀, kí ẹ sì rí i lórí fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀.

Tí èsì bá dé, ìwọ̀n tí wọ́n fi kọ ọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Nmol/L dára jù, torí pé iye horo Lp(a) ló ń kà. Mg/dL ń wọn ìwúwo, pùrótéènì yẹn kò sì tóbi bákan náà lára gbogbo èèyàn. Ẹ má fi ẹ̀rọ ìṣirò yí ọ̀kan sí èkejì. Kò sí ìṣòro bí kò bá tó 75 nmol/L, tàbí 30 mg/dL. Láti 125 tàbí 50 lọ sókè, ó ti ga. Oyún àti àìsàn kíndìnrín lè gbé e sókè. Statin, oògùn tó ń dín LDL kù, kì í rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, àmọ́ dókítà ṣì lè kọ ọ́ fún yín kí LDL lè wálẹ̀ gan-an, torí pé ìyẹn ni ọwọ́ lè tẹ̀. Torí pé àjogúnbá ni, kí àwọn ọmọ àti àbúrò ẹni tí tirẹ̀ ga náà lọ ṣe é.

Wọ́n sábà máa ń fi hs-CRP, àyẹ̀wò pùrótéènì kan nínú ẹ̀jẹ̀, kún un. Ó ń fi hàn bóyá ara ń bá nǹkan jà nínú: kò tó 1 mg/L dára, ó ju 3 lọ kò dára. Ṣùgbọ́n ibà, ọ̀fìnkìn tàbí eyín dídùn lè gbé e kọjá 10, èsì yẹn kò sì sọ ohunkóhun nípa ọkàn. Ẹ dúró ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ara bá ti yá kí ẹ tó tún un ṣe. Bí CRP lásán ni wọ́n ní, tí kò sí “hs” (high-sensitivity, èyí tó ń rí iye kékeré) níwájú rẹ̀, ẹ má san owó rẹ̀ nítorí ọkàn.