Ṣọ́ọ̀bù Apple ní Regent Street, Lọ́ńdọ̀nù: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe nílé kẹ́ ẹ tó lọ

Nọ́ńbà 235 ni ṣọ́ọ̀bù Apple wà ní Regent Street, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ sí ibùdó Oxford Circus. Ará Brixton á wọ Victoria line, ará Stratford á wọ Central, ará Elephant and Castle á wọ Bakerloo, kò sí èyí tó máa pààrọ̀ ọkọ̀ nínú wọn. Ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 2004 ni wọ́n ṣí i, òun sì ni àkọ́kọ́ tí Apple ní ní gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù. Ilé náà fúnra rẹ̀ ti wà láti 1898. Salviati, àwọn oníṣẹ́ gíláàsì ará Venice, ni wọ́n kọ́ ọ fún, iṣẹ́ ọnà wọn ṣì ń dán lókè iwájú ilé náà. Nígbà tí Foster + Partners, iléeṣẹ́ ayàwòrán ilé, tún inú rẹ̀ ṣe ní 2016, wọ́n jẹ́ kí àjà gbọ̀ngàn iwájú ga tó mítà 7.2, wọ́n sì gbé igi tútù sínú rẹ̀.

Ó rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹwà kọ́ ló yẹ kó gbé èèyàn débẹ̀. Iye tí fóònù jẹ́ lórí ìkànnì Apple náà ló jẹ́ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í ná ọjà. Ohun tó mú kí ìrìn náà tọ́ sí i ni tábìlì àtúnṣe tí wọ́n ń pè ní Genius Bar, àti pé ẹ lè di ohun gbogbo mú, kẹ́ ẹ lò ó bó ṣe wù yín kẹ́ ẹ tó sanwó. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bínú kúrò níbẹ̀, ohun tí wọn ò ṣe nílé ló kó bá wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú ti àkókò kúrò lọ́nà. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba ṣọ́ọ̀bù tó bá tóbi ju mítà 280 níbùú lóròó lọ láyè láti tajà ju wákàtí mẹ́fà lọ́jọ́ Àìkú, láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì kó má fi falẹ̀. Fún àtúnṣe, ẹ lo áàpù Apple Support láti gba àkókò sílẹ̀. Bí ẹ bá yọjú láìgbà á, àfi kẹ́ ẹ máa retí àyè tó bá ṣí sílẹ̀, ọ̀sán Sátidé sì ni ó burú jù. Tí Regent Street bá ti kún, áàpù náà máa fi ṣọ́ọ̀bù Apple tó wà ní Covent Garden, Brompton Road àti Battersea hàn yín. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Àtúnṣe gan-an ló lọ́rọ̀ nínú. Wọ́n lè pa gbogbo ohun tó wà nínú fóònù rẹ́ kí wọ́n tó dá a padà fún yín, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ pátápátá. Nítorí náà, ẹ kó àwòrán, nọ́ńbà àti WhatsApp yín pamọ́ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. GB 5 péré ni iCloud, ibi ìpamọ́ Apple lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, kì í tó. Wáyà àti kọ̀ǹpútà ló dára jù, kẹ́ ẹ sì yan “Encrypt local backup”, torí láìṣe bẹ́ẹ̀, àwọn password tó wà nínú fóònù kò ní bá ìyókù wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ rí i dájú pé ẹ rántí password Apple Account yín. Tí ẹ ò bá lè wọ account náà, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ á dúró síbẹ̀. Ìdẹkùn kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀: tí Stolen Device Protection, ààbò fún fóònù tí wọ́n bá jí, bá wà ní títàn, tí ẹ kò sí nílé tàbí níbi iṣẹ́ yín, fóònù á ní kẹ́ ẹ dúró fún wákàtí kan kí ó tó jẹ́ kẹ́ ẹ jáde kúrò nínú account. Àkókò yín lè kọjá síbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi fóònù àtijọ́ dín owó tuntun kù, ilé ni kẹ́ ẹ ti jáde kúrò nínú rẹ̀.

Fóònù tí wọ́n ti tú rí ní Computer Village ní Ìkẹjà, tàbí ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Peckham, ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹ lọ sí Settings, General, About. Tí ẹ bá rí “Unknown Part” níwájú Display tàbí Battery, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kì í ṣe ojúlówó ni wọ́n fi sí i. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ó lè yí iye owó padà, ó sì lè mú kí wọ́n kọ iṣẹ́ náà. Bákan náà ni omi. Àmì kékeré kan wà nínú ihò síìmù tó máa ń di pupa tí omi bá kàn án, ohun tí òṣìṣẹ́ sì máa ń fi iná wò nìyẹn. Wáráńtì ọdún kan kò bo omi, bí fóònù náà tilẹ̀ jẹ́ irú tí wọ́n ní omi ò lè wọ̀.

Ti bátìrì rọrùn láti mọ̀. Bí Maximum Capacity, ìyẹn agbára tó ṣẹ́ kù fún bátìrì, bá wálẹ̀ ju 80% lọ, tí wáráńtì tàbí AppleCare+ (ààbò tí èèyàn ń sanwó fún lọ́dọ̀ Apple) sì wà lórí rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ ó sanwó. iPhone 14 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀, ìwọ̀n ìgbà 500 ni wọ́n ṣe bátìrì wọn láti gbà kún kó tó dé 80%. Láti orí 15, ó di 1000. Ẹni tó ń ra “UK used” kó wo ibẹ̀ kó tó wo àwọ̀. Kó wo Model Number pẹ̀lú: M ni lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ti fóònù tí wọ́n tà ní tuntun, F ni ti èyí tí Apple tún ṣe, N ni ti èyí tí wọ́n fi pààrọ̀ fún oníbàárà. Ẹni tó bá ní tuntun lòun ń tà, tí F wá jáde, irọ́ ló ń pa.

Ní ti rírà, mẹ́múrì ni kẹ́ ẹ fi ọkàn sí jù, torí iPhone kò ní ihò mẹ́múrì káàdì, ohun tẹ́ ẹ bá rà lẹ máa lò títí. Fídíò 4K lásán ń jẹ nǹkan bíi MB 170 ní ìṣẹ́jú kan. Wákàtí kan òde ìgbéyàwó á gbà tó GB 10, tí ẹ bá sì sọ ọ́ di 60 fps (àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó GB 24. Ẹni tó ń ya òde lọ́ṣọ̀ọ̀sẹ̀ kó má ra èyí tó kéré jù. Ṣájà kì í sí nínú páálí mọ́ láti 2020, wáyà nìkan ló wà níbẹ̀. Irú orí ṣájà oníhò mẹ́ta tí wọ́n ń tà ní Lọ́ńdọ̀nù náà là ń lò nílé, kò nílò àdápútà.

Àwọn tó ń rà á lọ sí Nàìjíríà ní àǹfààní kan níbí tí àwọn ará Amẹ́ríkà kò ní: iPhone tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti orí 14 kò ní ihò síìmù mọ́, ṣùgbọ́n ti Lọ́ńdọ̀nù ṣì ní in, àyàfi iPhone Air, eSIM (síìmù tí kò ní káàdì) nìkan ni ìyẹn ń lò níbi gbogbo. MTN àti Airtel ní eSIM, àmọ́ ẹni tó ń ra fóònù fún ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú mọ ìdí tó fi yẹ kó ra oníhò. Ẹ má sì retí pé wọ́n á dá owó orí VAT 20% padà fún yín ní pápákọ̀ òfuurufú, ó ti dópin láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2021. Apple fúnra rẹ̀ kò ní ṣọ́ọ̀bù kankan ní Nàìjíríà, ó sì wà nínú ìwé wáráńtì iPhone pé wọ́n lè ní kẹ́ ẹ gbé e padà sí orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ ti rà á. Ẹ lò ó dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan ní Lọ́ńdọ̀nù kẹ́ ẹ tó wọ bàálù. Ọjọ́ 14 ni Apple fi sílẹ̀ kẹ́ ẹ lè dá a padà bí kò bá wù yín. Òfin Consumer Rights Act 2015 fún yín ní ọjọ́ 30 bó bá ní àbùkù, láàárín oṣù mẹ́fà sì rèé, ẹni tó tà á ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé àbùkù náà kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó tà á ni òfin yìí mú. Ìdí nìyẹn tí rírà lọ́wọ́ Apple gan-an fi dáa: ẹni tẹ́ ẹ sanwó fún náà ló mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Ẹni tó fẹ́ ra Mac láti máa kọ Yorùbá kó dán èyí wò lórí tábìlì ibẹ̀: nínú Keyboard, kó fi ABC Extended kún Input Sources. Option àti X, lẹ́yìn náà e, ẹ máa rí ẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ àti ṣ. Option àti E ni àmì òkè. Àwọn òṣìṣẹ́ kì í bínú sí irú ìdánwò yìí. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Today at Apple náà wúlò fún ẹni tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò.

Àléébù ibẹ̀ ni ariwo, pàápàá fún àgbàlagbà tí etí ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́. Kò sí káńtà tí èèyàn ti ń sanwó, òṣìṣẹ́ tó ń rìn kiri ló máa gba owó yín lórí ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀. Rìsíìtì máa ń wá sínú email, kẹ́ ẹ bá òṣìṣẹ́ náà ka lẹ́tà email yín lọ́kọ̀ọ̀kan, torí àṣìkọ kan ló máa sọ ọ́ nù.

Àwọn olè tó ń fi kẹ̀kẹ́ já fóònù gbà pọ̀ ní àdúgbò yẹn. Ẹ ṣí páálí lórí tábìlì inú ṣọ́ọ̀bù, ẹ tẹ *#06#, ẹ wò ó bóyá IMEI (nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù) tó jáde bá ti ara páálí mu, kẹ́ ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn kẹ́ ẹ tó jáde. Bí wọ́n bá já a gbà, nọ́ńbà yẹn ni iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti ọlọ́pàá máa bi yín.